Òyìnbó tí Eégún Sín Jẹ ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni Captain Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́, gbéra ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Sókótó ni wọ́n ń lọ. Kí oṣù náà tó parí, àìsàn ti pa méjì nínú wọn, Captain Pearce àti Dókítà Morrison. Àwọn tó kù, tí Richard Lander tó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton wà lára wọn, ń fi ibà rìn. Wọ́n la ilẹ̀ ọ̀dàn tí à ń pè ní Òkè-Ògùn lónìí kọjá, wọ́n gba Igbóho, tí Clapperton kọ sílẹ̀ ní "Bohoo", wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826. Aláàfin Májòtú ló wà lórí oyè.

Clapperton kò fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀. Ọjà méje ló kà nínú ìlú náà, tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ láti bí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó to ohun tó rí níbẹ̀: iṣu, ọkà, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́, àgùntàn, adìẹ, àti ìpápánu aládùn. Ó rí bọ́tà kan tí wọ́n ń fi èso igi ṣe, òrí ni. Ó rí kóró kan tó fi wé ti bàrà kíkorò, ó sì kọ ọ́ pé oúnjẹ pàtàkì ni fún àwọn ará ìlú, ègúsí ni. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí lónìí yóò bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lẹ́bàá ọ̀nà, níwájú àwọn ìyá tó pàtẹ. Gààrí àti láfún ni yóò fi kún un, nítorí ẹ̀gẹ́ ti gbilẹ̀ gan-an láti ìgbà náà.

Ní oṣù Kejì, Aláàfin ní kí àwọn àlejò wá wo eré nínú ọgbà ọba. Ìran mẹ́ta ni. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde wà nínú àpò látòkè délẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá ńlá kan yọ láti inú àpò, tí Clapperton díwọ̀n sí bí ẹsẹ̀ bàtà 14. Ó ń yọ ahọ́n, ó ń ká, títí ẹnìkan fi fi idà ṣá a. Láàrin ìran kan sí èkejì, àwọn olorì ń kọrin, ogunlọ́gọ̀ sì ń gbè é.

Nígbà tó di ìran kẹta, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun kan sì yọ. Ariwo ta. Ẹni funfun náà rù hangogo, òtútù sì ń mú un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí kò wọ bàtà tí ilẹ̀ sì ń gún lẹ́sẹ̀. Àwọn ènìyàn yíjú sí àwọn àlejò, wọ́n ń bi wọ́n bóyá kò jọ ọ́. Clapperton gbà pé ó jọ ọ́.

Báwo ni kò ṣe ní í jọ ọ́? Bí òyìnbó ti ń kọ ohun tí Ọ̀yọ́ ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń bọ sínú ìwé, dájúdájú àwọn ọ̀jẹ̀ náà ń wo bó ṣe ń rìn, bí ibà sì ṣe ń gbọ̀n ọ́n. Clapperton mọ̀ pé ilé òrìṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi eré náà, ṣùgbọ́n bí eré ìdárayá ló ṣe gbà á. Kò mọ̀ pé ọ̀nà tí òun gbà wá gan-an ni eégún náà ti gbà wọ Ọ̀yọ́.

Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, sọ pé Kúsù ni Yorùbá ti kọ́ awo eégún lọ́wọ́ àwọn Tápà, nígbà tí Aláàfin Òfinràn ń ti ilẹ̀ Ìbàrìbá bọ̀ wálé. Ọba náà kò dé ilé. Ṣakí ló kú sí, Igbóho ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, Igbóho sì di olú ìlú. Níbẹ̀ ni Aláàfin Abípa ti pinnu láti padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí ìlú tuntun ti mọ́ lára kò fẹ́. Wọ́n kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa ké lóru lórí òkè kan níbẹ̀ bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba gbọ́ ọ̀tẹ̀ náà, ó rán ọdẹ mẹ́fà, wọ́n sì kó gbogbo iwin náà wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adedeji, tó kọ ìtàn eré alárìnjó, rí ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré eégún láàfin nínú ọ̀rọ̀ yìí: ènìyàn tó wọ awọ ẹ̀dá mìíràn níwájú ọba.

Clapperton kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Ó kú sí Sókótó ní oṣù Kẹrin ọdún 1827. Lander ló kó àwọn ìwé rẹ̀ dé ilé, òun náà ló sì padà wá ní ọdún 1830 pẹ̀lú John, àbúrò rẹ̀, tí wọ́n tún wọ Ọ̀yọ́-Ilé kí wọ́n tó gba Kíṣí lọ sí Bússà. Ní nǹkan bí ọdún 1836, ìlú náà tú nítorí ogun. Láti ọdún 1991 ni ilẹ̀ náà ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, níbi tí ọjà méje ti ń kún ní ìrọ̀lẹ́ sì ti di igbó.