Níbo ni Orí Ń San Owó Rẹ̀? Owó Orí àti Ìṣíkiri Láàrin Kétu àti Ìmẹ̀kọ láti 1889

Orúkọ tí Yorùbá fi ń pe owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹ kò yí padà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn: owó orí ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ kí ó tó kàn án lọ́wọ́ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ́ ni wọ́n ń kà fún un mọ́, owó tó wọlé fún un ni. Ìtàn tó wà lábẹ́ orúkọ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò ní ibì kan ṣoṣo, ìyẹn ojú ààlà tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ ni pé ìbéèrè tí àwọn amòfin ń bi ara wọn lónìí, pé èwo nínú ìjọba méjì ló ni owó orí ẹni tó ń sùn níhìn-ín tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ni àwọn àgbẹ̀ Kétu ti fi ẹsẹ̀ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin kan lé e lórí.

Kì í ṣe pé àwọn ará Kétu kì í san nǹkan kan kí òyìnbó tó dé. Wọ́n ń san, ṣùgbọ́n ẹrù àti ilẹ̀ ló ń fa sísan náà, kì í ṣe orí. Ẹnu ibodè ńlá Kétu, Àkàbà Ìdẹ̀nà, tí àwọn àlejò ṣì ń wò títí di òní, kì í ṣe ibi ààbò nìkan. Irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni oníbodè ti ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò gbé ẹrù kọjá, tí kò sì dáko sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kò jẹ gbèsè kankan nítorí pé ó wà láàyè lásán.

Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìlú náà ṣì wà ní ahoro nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1889, tí wọ́n fi la ààlà láti etí òkun lọ sí òkè. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ Alákétu kan náà ni ìlú méjèèjì ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó wà láàrin wọn kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Àna, ìbátan àti oko wà níhà méjèèjì. Nígbà tí àwọn tó sá fún ogun Dàhòmì sì padà wá tún ìlú kọ́ lábẹ́ Faransé, wọn kò mọ̀ pé ìṣirò orí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní 1899 ni Faransé fi owó orí lélẹ̀ ní Dàhòmì. Àtọkùnrin àtobìnrin ló kàn. Níhà ti Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá títí di 1916 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní agbègbè Ọ̀yọ́, àti 1918 tí ó dé Abẹ́òkúta. Ọdún bíi mẹ́tàdínlógún ni ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rìn láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ ti bọ́ lọ́wọ́ owó orí pátápátá. Kò sí ìdí láti wá àlàyé jíjinlẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́ ló ń lé ènìyàn. Faransé ń gba iṣẹ́ ọ̀ranyàn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti fi la ọ̀nà, iṣẹ́ tí a kì í sanwó fún. Òfin kan wà tó fún ọ̀gá òyìnbó láṣẹ láti fi ọmọ ìbílẹ̀ sẹ́wọ̀n láìsí ilé ẹjọ́, títí kan ẹni tó bá fi abúlé rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sójú ogun. Ní 1914 sí 1915 ni àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà dìde sí wọn. Àwọn ará Kétu kò ja irú ogun bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ẹrù wọn.

A kò sì gbọ́dọ̀ ya ìhà Gẹ̀ẹ́sì bí ibi ìtura. Nígbà tí owó orí dé Abẹ́òkúta ní 1918, ogun Àdùbí ni wọ́n fi kí i káàbọ̀: àwọn ará oko tú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé iye tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn: ṣílè 5 fún ọkùnrin, ṣílè méjì ààbọ̀ fún obìnrin. Ẹni tó bá san án gba rìsíìtì, ó sì lè padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. (Pé obìnrin ń san án rárá jẹ́ ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò gbàgbé, ní 1947 àti 1948 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn láti já a.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù fún mi, tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sì í dúró lé lórí tó bẹ́ẹ̀, ni ti owó tí wọ́n fi ń san án. Fránkì ni Faransé ń béèrè. Ṣílè sì ni alágbàṣe tó lọ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó níhà Nàìjíríà ń gbà. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn kan jẹ́ nǹkan bíi fránkì 25, nítorí náà ṣílè kan kò ju fránkì kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun, fránkì já wálẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 1926, pọ́n-ùn kan kọjá fránkì 200. Ká ní fránkì 10 ni owó orí ẹnì kan. Kí ogun tó dé, ṣílè 8 ni yóò wá. Ní 1926, ṣílè kan ti tó, yóò tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹni tó gba owó ọ̀yà lápá kan tó sì san owó orí lápá kejì jèrè láìta ọjà kankan. Faransé náà kò kúkú sùn: bí fránkì ti ń já wálẹ̀ ni wọ́n ń gbé iye owó orí sókè. Ní 1928 wọ́n so fránkì mọ́ nǹkan bíi 124 sí pọ́n-ùn kan. Nígbà tó di 1931, Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ já pọ́n-ùn kúrò lára wúrà, pọ́n-ùn sì rọ̀. Nígbà tó fi máa di 1934 ṣílè kan kò tó fránkì 4. Àsìkò yìí gan-an ni iye tí wọ́n ń ra irè oko wó lulẹ̀ káàkiri ayé. Ọwọ́ tó ń gba ṣílè láti fi san fránkì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì ló yí iye ọjọ́ tí ọkùnrin Kétu kan gbọ́dọ̀ fi kọ ebè padà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, tí ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó jáde ní 1976, ti fi hàn pé ọ̀tẹ̀ ni irú ìṣíkiri yìí, kì í ṣe ìsálọ ojo. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí èrò yìí máa ń jẹ́ kí a fò dá: ta ni ọ̀tẹ̀ náà ń pa lára? Iye orí tí a kọ sínú ìwé ni Faransé ń bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ olórí abúlé. Bí ogún ènìyàn bá ti kúrò kí wọ́n tó tún orí kà, àwọn tó kù ni yóò wá owó àwọn tó lọ. Àgbàlagbà tí kò lè rìn mọ́, opó tó ń tọ́mọ, àti olórí abúlé fúnra rẹ̀ tí wọ́n lè tì mọ́lé bí owó kò bá pé, àwọn wọ̀nyí ló ń san owó orí ẹni tó ti dé Ìmẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ mọ èyí, ó sì jọ mí pé ìdí nìyẹn tí ìṣíkiri tó bẹ̀rẹ̀ bí ìsálọ fi di àlọ àti àbọ̀: wọ́n á ṣiṣẹ́ ìgbà kan, wọ́n á sì gbé owó padà wálé, kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ìjọba, bí kò ṣe nítorí ìyá àti bàbá wọn. Àìmọye wọn ló ń san níhà méjèèjì, nítorí pé orí tí wọ́n kà ní Kétu ni wọ́n tún lè kà ní ibi iṣẹ́. Ohun tí ìwé òfin ń pè ní sísan owó orí lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe àṣìṣe àwọn akọ̀wé nígbà náà. Òun ni iye tí wọ́n ń san kí ilé má bàa tú.

Ní 1946 ni ilé aṣòfin Faransé fòpin sí iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ àti ọjà ló ń fa ènìyàn kọjá ju ìbẹ̀rù lọ. Lẹ́yìn òmìnira 1960, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin 1961 tó pinnu pé ibi tí ènìyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀. Àárín ẹkùn ìjọba inú Nàìjíríà ni òfin yẹn wà fún, kí Ìbàdàn àti Ẹnúgu má bàa jọ gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan. Kò sọ ohunkóhun nípa Kétu. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 wá jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Nígbà tí òfin owó orí Nàìjíríà ti 1993 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 183 ni ó máa ń kà kí ó tó ka òṣìṣẹ́ tó wá láti òkèèrè sí ẹni tirẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2018 ni ECOWAS ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu kò lórí ìlànà tí kò ní jẹ́ kí ìjọba méjì gba owó orí lórí owó kan náà. Ẹni tó ní ìwé owó oṣù, tó sì lè fi hàn pé òun ti san án níbì kan, ni ìlànà náà lè ràn lọ́wọ́. Alágbàṣe tó ti Kétu wá ro oko nítòsí Ìmẹ̀kọ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Owó ọ̀yà rẹ̀ ni wọ́n kà lé e lọ́wọ́, nínú oko, ní ìrọ̀lẹ́.