Ta Ni Ó Kan Bọ́lẹ̀kájà?

Bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn léèrè pé ta ni ó ṣe ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa wọ̀ láyé àtijọ́, kíá ni wọn yóò dáhùn pé òyìnbó ni. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì òtítọ́. Orúkọ òyìnbó ni ó wà ní imú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí èrò ń jókòó sí tí ẹrù sì ń gbé, àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ni ó kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí, nítorí pé bí a kò bá tètè sọ ọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ náà yóò ti lọ tán.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn. Ohun ńlá ni èyí fún ìṣòwò, ṣùgbọ́n ojú irin kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Láti abúlé dé ìdí rélùwéè, orí ènìyàn ni kòkó àti èkùrọ́ ń gùn. Ní ọdún 1906 a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, àwọn ọ̀nà mìíràn sì tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní tí ó parí ní 1918, mọ́tò akẹ́rù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ lójú ọ̀nà, pàápàá Ford ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa náà sì ń rà wọ́n. Ní 1931, ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ìlú Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Bedford àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí ní 1945, tí owó kòkó sì ń gòkè, Bedford ti di ọkọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní 1958 ni irú èyí tí a ń pè ní TJ dé, ọkọ̀ onímú gígùn tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò tíì gbàgbé títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí bí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe ń wọ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wá ní odidi. Egungun ọkọ̀ ni ọkọ̀ òkun ń já sílẹ̀ ní èbúté: irin gígùn méjì tí a fi àwọn irin kúkúrú so pọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáásì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, sítíárì àti táyà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àyè tí ẹrù bá gbà nínú ọkọ̀ òkun ni a ń san owó rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ní orùlé àti ìgànná sì ń gba àyè rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ lásán ni ó kún inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, igi kò wọ́n wa nílẹ̀ yìí, ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbẹ́ kò sì wọ́n wa pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó ra Bedford kò tíì ní ọkọ̀ tí èrò lè wọ̀, àfi bí ó bá fà á dé ọ̀dọ̀ káfíńtà.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń dùn mọ́ nínú ti jókòó ti irú àwọn káfíńtà bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Bàbá àgbà ni wọ́n báyìí. Bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Igi líle bí ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìtẹ́lẹ̀, nítorí pé òun ni yóò gba ìwúwo àpò kòkó, tí omi àti ikán kò sì ní í tètè bà á jẹ́. Igi tí ó fúyẹ́, bí àfàrà tàbí arère, ni wọ́n fi ń ṣe ìhà àti òrùlé, kí ọkọ̀ má baà wúwo lókè jù kí ó sì dojú dé níbi kọ́rọ́ná. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ irin tí yóò di igi mọ́ ṣáásì, nítorí pé ìṣó nìkan kò lè gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà wa. Wọ́n á wá to pákó ìjókòó láti ìhà kan dé èkejì, ṣùgbọ́n wọn kì í kàn án pa, kí a lè yọ ọ́ kúrò ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fẹ́ kó ẹrù. Lẹ́yìn èyí ni akunlé yóò gbé ọ̀dà dé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rin: káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, mẹkáníìkì àti akunlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí ó lè dá a ṣe nínú wọn.

Akunlé yìí ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀: “Ìyá ni wúrà”, “Sùúrù lérè”, “Ayé ń yí”. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ara ọkọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èdè Yorùbá ní kíkọ gàdàgbà ní ìta gbangba. Orúkọ ọkọ̀ náà sì dùn gbọ́ fún ẹni tí ń kọ́ nípa èdè bí èmi. Odidi gbólóhùn ni: “Bọ́ sílẹ̀ kí á jà!” Ìjókòó há, eékún ń gbún eékún, ìjà kò sì jìnnà. Gbólóhùn àṣẹ di orúkọ, orúkọ náà sì kúrò lójú títì ó wọ inú ìwé: ní 1980, nígbà tí Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ìwé ìlámèyítọ́ tí ó gbóná, bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n pe ara wọn.

Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ kò parí ní ọjọ́ tí a kàn án tán. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ ní ọwọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà ní ọ̀tún, tí ó sì ń rìn ní ọ̀tún, awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ìyẹn tún di iṣẹ́ fún mẹkáníìkì àti káfíńtà. Ní àwọn ọdún 1970 yìí kan náà ni owó epo rọ̀bì dé. Ní 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bọ́lẹ̀kájà bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lójú ọ̀nà. Mọ́lùẹ́ gba ipò rẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àṣà náà kò kú: egungun Mercedes 911 ni ó wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́lùẹ́, àwọn tiwa ni ó sì ṣe ara rẹ̀. Kìkì pé wẹ́dà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, irin pẹlẹbẹ sì gba ipò pákó.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìyókù àwọn ọkọ̀ náà, kí ó lọ dúró ní ìsọ̀ àwọn onípákó. Agbégilódò ni yóò rí, ọkọ̀ tí ń gbé ìtì igi láti inú igbó Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Orúkọ rẹ̀ rán wa létí ayé ìgbà tí omi ni ó ń gbé igi wá, tí a sì ń gbé e ní odò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Bedford àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ General Motors tí ó ni Bedford ti tà á dànù láti 1987. A ti yọ ìlẹ̀kùn kúrò kí awakọ̀ lè tètè bẹ́ sílẹ̀ bí ewu bá dé. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mìíràn wà nínú àwọn kan. Ọmọ ọkọ̀ ń gbé ègé igi dání, èyí tí yóò fi ti táyà lẹ́yìn bí òkè bá ga jù. Ní ilẹ̀ tí a ti kọ́kọ́ ṣe wọ́n, ohun ìrántí ni Bedford. Lọ́dọ̀ wa, ó ṣì ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ikú ni ò ń yìn yìí.” Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Pákó kì í dáàbò bo èrò nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ ara wọn, bíréékì tí ó ti gbó kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọlé Ṣóyínká kọ eré rẹ̀ The Road ní 1965 nípa àwọn awakọ̀ àti ikú ojú títì. Nígbà tí Ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun kan náà ni ó kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀. Èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún máa fi bọ́lẹ̀kájà kó ọmọ ènìyàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ tí ó kàn án ṣègbé.

Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe irú rẹ̀. Ní 1958 ni àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; láti 1962 ni wọ́n sì ti ń wa àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe láti London dé Brighton. Kò pọn dandan kí a rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ: ní Èbúté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy tún Jaekel House ṣe, ó sì di ilé ìrántí fún rélùwéè. Ṣé ojú irin nìkan ni ó kó kòkó wa ni?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa nìyí ní ìsinmi tí ń bọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà bá ti kan ọkọ̀ rí, kí ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé. Kí ó béèrè igi tí wọ́n lò, orúkọ tí wọ́n fún pákó kọ̀ọ̀kan, àti bí wọ́n ṣe wọn ṣáásì láìsí ìwé àwòrán. Bí a bá sì rí Bedford kan tí ó ti di ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, kí a bẹ olówó rẹ̀, kí a wá káfíńtà kan àti àwọn ọ̀dọ́mọdé méjì tí yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì tún un kàn. Lọ́jọ́ tí ó bá parí, kí akunlé kọ orúkọ káfíńtà náà sí iwájú rẹ̀, lókè ibi tí Bedford kọ tirẹ̀ sí.