Jálumi: Orúkọ Ogun, Oríkì àti Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, ọmọ ogun Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní agbègbè Ìkìrun. Bí àwọn ará Ìlọrin ṣe ń sá lọ, odò Ọ̀tìn gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀, Jálumi. Kí Samuel Johnson tó kọ ìtàn ogun yìí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 ni orúkọ náà ti di ohun ìrántí.

Ṣùgbọ́n ojú ta ni orúkọ yìí fi wo ogun? Ojú ẹni tó dúró létí odò, tó ń wo ọ̀tá bó ṣe ń rì ni. Kò dárúkọ ẹnì kankan nínú àwọn tó kú, kò sì mẹ́nu ba àwọn ará Òkukù tí ogun lé kúrò nílé lọ sí Ìkìrun. Oríkì ló ń ṣe ìyẹn. Karin Barber fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí Òkukù, tó jáde ní 1991, pé ẹnu àwọn obìnrin tó ń ki oríkì ni àwọn òkú ti ń padà wá sáàárín alààyè.

Jálumi kì í ṣe ìpẹ̀yàrun. Síbẹ̀, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tí wọ́n ṣí ní Umuahia ní 1985, ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn ló gba iwájú. Àlejò yóò mọ ohun tí wọ́n fi ja ogun Biafra ju àwọn ọmọdé tí ebi pa nínú rẹ̀ lọ. Ní Kigali, níbi tí wọ́n sin àwọn òkú tó lé ní 250,000 lára àwọn tí wọ́n pa ní 1994, àwòrán tí ẹbí mú wá ló wà lára ògiri. Yàrá kan wà fún àwọn ọmọdé: orúkọ wọn, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, irú ikú tó pa wọ́n.

Oríkì nílò ọmọ tí yóò kì í. Ìpẹ̀yàrun a máa pa bàbá, a máa pa ọmọ, a sì máa pa ẹni tí ì bá ki oríkì àwọn méjèèjì. Níbi tí agboolé ti pa rẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ ọmọ òkú ṣe. Bí ó bá kó ìbọn jọ, tí kò dárúkọ ẹnì kan, a jẹ́ pé ó ti bá aṣẹ́gun dúró létí odò.