Àlùbọ́sà Wa: Láti Òkè Ọya dé Ẹ̀yìnkùlé Ìgbògbò

 Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, a fẹ́ sọ ìtàn nǹkan kan tí gbogbo ìsọ̀ mọ̀: àlùbọ́sà.

Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó gbà wá. Albasa ni Hausa ń pè é. Àwọn náà sì gbà á láti inú èdè Lárúbáwá. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Kánò ní 1911, ọ̀nà là fún ẹrù Òkè Ọya. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, Sókótó, Kẹ́bí àti Kánò wà lára ibi tó ti ń bọ̀, Mile 12 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2021. Lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, síbẹ̀ owó àlùbọ́sà fò sókè. Ẹni tó ń ra àpò wá ń ra apẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń bi ara wa pé: èwo ló máa ṣe é gbìn sẹ́yìnkùlé wa?

Àwọn kan nínú wa gbin irúgbìn tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ewé yọ dáadáa, ìdí kò wú. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ojúmọmọ ọ̀hún máa ń ju wákàtí 16 lọ nígbà ooru wọn, òun ni irú àlùbọ́sà yẹn ń dúró dè. Tiwa kì í pé 13 láéláé.

Violet de Galmi, tó gba orúkọ lára Galmi ní ilẹ̀ Nìjẹ̀, mọ ojúmọmọ wa. Àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ àti òru tútù ló fẹ́. Òjò tiwa máa ń mú un rà.

Ẹ wá wo Anloga ní Gánà. Orí iyanrìn, láàárín òkun àti ọ̀sà, ni wọ́n ti ń gbin àlùbọ́sà kéékèèké tó máa ń so pọ̀ ní ìdì. Wọn kì í fọ́n irúgbìn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ẹja àti ìgbẹ́ màlúù ṣe ajílẹ̀ látijọ́. Kì í ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi ń wú u. Àwa náà ń gbé létí ọ̀sà, ẹ jẹ́ ká dán an wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èyí tó rọrùn jù ni àlùbọ́sà eléwé. Kódà èyí tó bá hù lórí àtẹ, tí oníbàárà ò fẹ́ mọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ rì í sínú ike tàbí ebè. Ewé rẹ̀ á wọ ọbẹ̀.

A ò sọ pé ká má lọ Mile 12 mọ́ o. Ṣùgbọ́n àjẹṣẹ́kù kì í ṣe ti owó nìkan. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé, kí àtẹ wa má gbófo. Àṣẹ.