Ibi Ìgbéyàwó àti Ẹ̀rí Rẹ̀ ní Ìlú Ẹdẹ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà ayé àtijọ́ kì í bi ara wọn nígbà tí ọmọ wọn bá fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, ṣùgbọ́n tí ó ti di èyí tí àwọn òbí òde òní kọ́kọ́ ń dáhùn: níbo ni a ó ti ṣe é? Kí ọ̀rọ̀ tó kan oúnjẹ tàbí aṣọ ẹbí, orí ibi ìgbéyàwó ni ìjíròrò máa ń kọ́kọ́ dúró lé. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó àti àyè ìjókòó lásán ni. Ìtàn ìlú Ẹdẹ fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí a ti fi ìyàwó fún ọkọ ni ó ń sọ ẹni tí ó fi í fún un, ẹni tí ó jẹ́rìí sí i, àti òfin tí obìnrin náà yóò sá di ní ọjọ́ tí ọkọ bá kú tàbí tí ìjà bá dé.

Ẹdẹ jẹ́ ìlú àtijọ́ ní agbègbè odò Ọ̀ṣun. Ìtàn sọ pé Tìmì Àgbàlé, tafàtafà tí a mọ̀ sí Ọlọ́fà-iná, ni Aláàfin rán wá láti dáàbò bo àwọn oníṣòwò lójú ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 ni ìlú náà ṣí kúrò ní ibùdó rẹ̀ àkọ́kọ́ wá sí ibi tí ó wà lónìí. Bí ìlú ti jẹ́ ti Ọ̀yọ́ ní orísun, bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀yọ́.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ń yan ibi ìgbéyàwó. Ilé méjì ni ìgbéyàwó ní, àti ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀. Ní agbo ilé bàbá ọmọbìnrin ni ìtọrọ àti ìdána ti ń wáyé. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ ti ń gbé iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ fún baálé àti gbogbo àgbà ilé. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ìyàwó á lọ láti ojúlé dé ojúlé, á máa sun ẹkún ìyàwó, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, á sì máa tọrọ àdúrà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn obìnrin ilé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sìn ín lọ pẹ̀lú orin. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ni wọn yóò ti fi omi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé.

Kò sí ìwé nínú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò wọ́n. Ẹni tí ó jẹ obì ìdána di ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó gbọ́ ẹkún ìyàwó lójúlé tirẹ̀ di ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò tilẹ̀ jáde, tí ó kàn gbọ́ orin nígbà tí àwọn asìnyàwó ń kọjá lọ lóru, òun náà mọ̀ pé ọmọ ilé báyìí ti di aya ní ilé báyìí. Bí ọkọ bá fẹ́ sẹ́ ìyàwó rẹ̀, odidi agbo ilé méjì ni yóò kò ó lójú.

Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ ní ìlú náà, pàápàá ní ọ̀rúndún 19 nígbà tí Abíbù Lágùnjú di Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè Tìmì, ètò yìgì wọ inú ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n Ìsìláàmù kò fi dandan lé e pé inú mọ́ṣáláṣí ni a gbọ́dọ̀ ti so yìgì. Ohun tí ó béèrè ni ìfọwọ́sí àwọn tí ń fẹ́ ara wọn, alágbàtọ́ ọmọbìnrin tí yóò fi í fún ọkọ, ẹlẹ́rìí méjì, àti sàdákì. Gbogbo èyí ṣe é ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ìyàwó. Nítorí náà, àáfà ni ó wá bá ìgbéyàwó nínú agbo ilé. Ìgbéyàwó kò fi agbo ilé sílẹ̀ lọ bá àáfà.

Ẹ̀sìn Kírísítì ni ó kọ́kọ́ mú ìgbéyàwó jáde nínú ilé. Ọ̀nà reluwé tí ó gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907 sì jẹ́ kí ìrìn láàárín ìlú náà àti Èkó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìjọ mìíràn, iwájú pẹpẹ di ibi tí tọkọtaya ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlànà ìjọ nìkan ni ó wà lẹ́yìn àṣà tuntun yìí. Òfin ìjọba tún wà níbẹ̀, èyí tí ó dé Èkó ní 1884, tí a sì sọ di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1914.

Òfin yìí ka ọ̀rọ̀ ibi sí púpọ̀. Ó ní ibi méjì ni a ti lè ṣe ìgbéyàwó tí òun yóò mọ̀: ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, láàárín agogo 8 òwúrọ̀ sí agogo 6 ìrọ̀lẹ́, tàbí ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní kóòtù, láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 4 ọ̀sán. Ní ibi méjèèjì, ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí tọkọtaya bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ibòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda pàtàkì láti ọ̀dọ̀ ìjọba, òfo ni lójú òfin náà. Ẹni tí ó bá sì gba ọ̀nà yìí fẹ́ ìyàwó kò gbọdọ̀ fẹ́ òmíràn lé e nígbà tí ìgbéyàwó náà ṣì wà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlànà yìí ti wá. Níbẹ̀, ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ ti dá wàhálà ogún sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìdílé, títí ìjọba fi ṣe òfin ní 1753 pé inú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ènìyàn, ni a gbọ́dọ̀ ti máa ṣe é. Ní 1836 ni wọ́n fi ọ́fíìsì akọ̀wé kún un. Ìlẹ̀kùn ṣíṣí àti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán jẹ́ ọ̀nà láti dènà irọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun kan náà ni orin àwọn asìnyàwó ń ṣe lóru ní Ẹdẹ. Ọ̀kan fi ojú jẹ́rìí, èkejì fi etí jẹ́rìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin tuntun kò ka ẹ̀rí etí sí. Ìyàwó tí ó wọlé ọkọ lóru, bí ó ti wù kí orin rẹ̀ dún tó, kì í ṣe aya lábẹ́ òfin yẹn. Aya lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ni, òfin náà kò sì pa àṣà rẹ́.

Ohun tí ìyàtọ̀ yìí lè dá sílẹ̀ hàn nínú àwọn ẹjọ́ Èkó, níbi tí òfin náà ti kọ́kọ́ dé. Nínú ẹjọ́ Cole ní 1898, ọkùnrin kan tí ó ti ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró kú sí Èkó. Arákùnrin rẹ̀ fẹ́ gba ogún gẹ́gẹ́ bí àṣà, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pín in, nítorí irú ìgbéyàwó tí olóògbé náà ṣe. Ẹjọ́ Asiata ní 1900 tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Asiata jẹ́ Mùsùlùmí Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì. Níbẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìlànà Ìsìláàmù, ó sì tún fẹ́ obìnrin kan náà ní ìlànà onígbàgbọ́. Nígbà tí ó padà sí Èkó, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn ní ìlànà Ìsìláàmù, ó sì bí Asiata. Ilé ẹjọ́ dá a láre pé ọmọ náà ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Ìsìláàmù, ìdá mẹ́jọ ni ti opó bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá mẹ́rin bí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Nítorí náà, opó mẹ́ta lè wà ní àdúgbò kan, kí ìyàtọ̀ ibi tí a ti fẹ́ wọn sì sọ ìpín wọn di mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí le ní Ẹdẹ ju ní ìlú ẹlẹ́sìn kan lọ. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Onígbàgbọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, ọ̀gá nínú lílu dùndún, tí ó wà lórí oyè láti 1946 di 1975, jẹ́ Onítẹ̀bọmi. Ìwé tí Ulli Beier ṣe jáde ní 1959 lórí àwọn ọdún òrìṣà ìlú náà fi hàn pé àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò tíì fi ibùdó wọn sílẹ̀. Ìwé tí Insa Nolte, Olukoya Ogen àti Rebecca Jones ṣe olótùú rẹ̀ ní 2017 sì ṣàlàyé bí ẹlẹ́sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbé pọ̀ nínú ìlú àti nínú ìdílé kan náà. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, bí a bá yan ṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò bàbá tí ó jẹ́ àáfà lè dúró sí ìta. Bí a bá yan mọ́ṣáláṣí, ìyá àgbà tí ó jẹ́ Onítẹ̀bọmi lè di àlejò níbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ rẹ̀. Ilé bàbá ìyàwó nìkan ni kò sọ ẹnikẹ́ni di àlejò. Ìdí nìyí tí ìdána kò fi kú bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti kóòtù ti gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé náà ti yí padà. Ọ̀pọ̀ agbo ilé ti di ilé olójúlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àgbàlá tí ó gba gbogbo ẹbí nígbà kan ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ ìlú ti tàn káàkiri, àlejò sì ti pọ̀. Àwọn kan ń ta àtíbàbà sí ojú títì, àwọn mìíràn ń háyà gbọ̀ngàn. Àwọn mìíràn ń lọ ṣe é ní ìlú mìíràn pátápátá. Ní 25 Oṣù Kẹfà 2024, David Adeleke, olórin tí ayé mọ̀ sí Davido, tí ìdílé rẹ̀ ti Ẹdẹ wá, ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ pẹ̀lú Chioma Rowland, ọmọ Ìgbò, ní gbọ̀ngàn Harbour Point ní Èkó. Kì í ṣe ilé bàbá ọkọ, kì í sì í ṣe ilé bàbá ìyàwó.

Síbẹ̀, àṣà kò gbà kí ilé pòórá. Nínú gbọ̀ngàn tí a háyà ní ilẹ̀ Yorùbá, alága méjì ni ń darí ìdána: alága ìjókòó ní ìhà ìyàwó, alága ìdúró ní ìhà ọkọ. Onílé ní ń jókòó. Ẹni tí ó wá tọrọ ní ń dúró. A óò dá àwọn ará ọkọ dúró ní ẹnu ọ̀nà títí wọn yóò fi sanwó ìwọlé, lẹ́yìn náà ni wọn yóò dọ̀bálẹ̀. Fún wákàtí díẹ̀, gbọ̀ngàn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn di ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ọmọbìnrin.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ni ni pé ẹ̀rí ni ìpìlẹ̀ ibi ìgbéyàwó. Gbọ̀ngàn tí ó lẹ́wà kò fún aya ní ẹ̀tọ́ kankan lábẹ́ òfin ìjọba, ìwé kóòtù kò sì lè dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́gbọ́n fi ń ṣe ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ń ṣe ìdána lójú ẹbí, wọ́n ń so yìgì tàbí kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lójú ìjọ, àwọn mìíràn sì ń fọwọ́ sí ìwé lójú akọ̀wé. Òbí tí ń wá ibi ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin rẹ̀ lè ka iye àga tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka iye àwọn tí yóò lè dìde lọ́jọ́ ìṣòro, kí wọ́n sì wí pé: ojú wa ni a ṣe fẹ́ ẹ.