Python àtijọ́ àti Python tuntun: Èwo ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Python jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ló gbé e jáde lọ́dún 1991. Ẹ̀dà kejì jáde lọ́dún 2000, ẹ̀dà kẹta sì dé nínú oṣù Kejìlá, ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ ní ìlànà ẹ̀dà kejì ni kò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dà kẹta, ibẹ̀ sì ni ìdààmú akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àṣẹ print, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kó ní àkámọ́ nínú ẹ̀dà kejì, ṣùgbọ́n dandan ni nínú ẹ̀dà kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da iṣẹ́ inú ìwé àtijọ́ kọ sórí ẹ̀rọ tuntun yóò bá àṣìṣe pàdé, yóò sì máa rò pé òun ni kò mọ̀wé. Èyí tó léwu jù ni èyí tí kì í pariwo. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀dà kejì pín 7 sí ọ̀nà 2, yóò dáhùn pé 3. Ẹ̀dà kẹta yóò dáhùn pé 3.5.

Ọ̀rọ̀ náà kan èdè Yorùbá pàápàá. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú "ẹja", iye tí ẹ̀dà kẹta yóò sì kà nìyẹn. Ṣùgbọ́n báìtì ni ẹ̀dà kejì máa ń kà bí wọn kò bá ṣàlàyé fún un. Níwọ̀n bí "ẹ" nìkan ti ń gba báìtì mẹ́ta ní ìlànà UTF-8, 5 ni yóò pè é.

Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún òpin ẹ̀dà kejì, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2020. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé 2.7.18 jáde nínú oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn tó ṣe Python kò tún ẹ̀dà kejì ṣe mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ rí ihò tí olè lè gbà wọlé.

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Olùkọ́ tí kò ní ju ìwé àtijọ́ lọ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kẹta ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ìparí ẹ̀kọ́, kó fi ti àtijọ́ han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó lè bá iṣẹ́ àtijọ́ pàdé níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé, kó wo àṣẹ print inú rẹ̀: bí kò bá ní àkámọ́, ti àtijọ́ ni.