Ta Ló Ń Gbé Abẹ́ Òrùlé Yìí?

Àwọn baba wa a máa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a kò bá ka ọmọ, báwo la ó ṣe mọ iye bẹ́ǹṣì tí yóò wọ kíláàsì?

Láyé ìjọba òyìnbó, bí akànìyàn bá wọ ìlú, owó orí làwọn èèyàn ń rò. Wọ́n a sá pamọ́. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ pé iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọ̀rọ̀ yí padà: kálukú ń bù mọ́ tirẹ̀. Ìjọba fagi lé ìkànìyàn 1962, wọ́n sì tún un kà ní 1963. Ti 1973 ńkọ́? Murtala Muhammed da òun náà nù ní 1975.

Ti 2006 ló kẹ́yìn. Wọ́n ka 526,565 èèyàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Ṣàngó ni mo ń gbé nígbà náà. Ìdílé mẹ́wàá ni wá, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni bàbá onílé pè fún akànìyàn, kí wọ́n má baà bu owó lé òun. A rẹ́rìn-ín.

Ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ fákítọ̀rì ń fa èèyàn wá sí Ọ̀tà, oko ń di ilé.

Àwọn onímọ̀ ti rí ọgbọ́n dá sí i. Sátẹ́láìtì á ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, kọ̀ǹpútà á ka òrùlé. Wọ́n á wá lọ ka èèyàn ní àdúgbò díẹ̀, wọ́n á sì fi ṣírò ti ibi yòókù. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń fún ọmọ ní oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Òkè Ọya fi rí abúlé tí kò sí nínú máàpù àtijọ́. Òun náà lè fi ibi tó yẹ kí ilé ìwòsàn wà hàn wá.

Ṣùgbọ́n òrùlé kì í sọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì á rí páànù bàbá onílé. Kò lè rí ìdílé mẹ́wàá tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ọmọ-ọmọ bàbá náà bímọ sí; ilé ìwòsàn jìnnà. Tìyá-tọmọ yè, ọpẹ́ ni. Nígbà tí mo lọ kí wọn, bàbá ní, "Akọ̀wé, bí wọ́n bá tún wá kà wá, èmi fúnra mi ni n ó ṣílẹ̀kùn."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ayálégbé rẹ̀ fún mi, lọ́mọdé lágbà. Wọ́n jẹ́ méjìlélógójì.